Ẹ má rún bay leaf sínú ìkòkò o! Ojú mi rí màbo

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó dáhùn. Ẹ ní ewé tútù ni wọ́n ní kí ẹ fi se ọbẹ̀ náà, àmọ́ gbígbẹ ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá fẹ́ mọ bó ṣe máa pọ̀ tó àti ìgbà tí ẹ máa sọ ọ́ sí i. Ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n ẹ tún fi kún un nísàlẹ̀ pé ẹ máa ń fọwọ́ rún bay leaf, ewé líle tí wọ́n ń sè mọ́ ọbẹ̀ nítorí òórùn rẹ̀, wẹ́wẹ́ kí òórùn rẹ̀ lè jáde dáadáa. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Bí ọbẹ̀ yẹn bá ti wà lórí iná, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án.

Èmi náà ti ṣe ohun tí ẹ ń ṣe yẹn rí, mo sì rò pé ọgbọ́n ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Mo rún ewé mẹ́ta sínú ọbẹ̀, mo sè é fún wákàtí kan gbáko, mo gbà pé ó máa rọ̀ bíi ti ẹ̀fọ́. Bay leaf kì í rọ̀. Ẹ sè é láti àárọ̀ dalẹ́, etí rẹ̀ á ṣì mú bí èékánná tó ya. Ṣíbí kẹta ni mo wà tí nǹkan kan fi gún mi lọ́fun lápá òsì. Mo wúkọ́, kò jáde. Mo mu omi, àfi bíi pé omi yẹn ló ń tì í wọlé sí i. Ẹnìkan nínú ilé ní kí n gbé òkèlè ńlá kan mì láì jẹ ẹ́, ó ní á gbá a lọ. Mo gbọ́ tirẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi pòròpòrò, ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan náà tó wá rídìí jókòó.

Lóru ọjọ́ yẹn, mi ò lè gbé itọ́ ara mi mì. Ike kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí mò ń tutọ́ sí. Tí mo bá fi apá òsì sùn, á gún mi. Tí mo bá yí sápá ọ̀tún, mo lè sinmi díẹ̀, títí màá fi gbàgbé tí màá sì gbé itọ́ mì, ni màá bá tún jí kalẹ̀. Mo gbọ́ aago méjì, mo gbọ́ mẹ́ta, mo gbọ́ mẹ́rin.

Dókítà tí mo kọ́kọ́ rí tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lẹ́nu, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó ní ohun tó há ti lọ, pé ojú ibi tó ha ló ń dùn mí. Mo ní rárá, ewé ni, ó ṣì wà níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lára. Ó rẹ́rìn-ín. "Ewé?" Ó wá ń bi mí bóyá mo máa ń ronú púpọ̀. Oògùn ìrora ló kọ fún mi, èmi tí mi ò lè gbé itọ́ mì! Lọ́jọ́ kejì mo lọ síbòmíì, wọ́n ya àwòrán ọ̀fun mi, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé X-ray kì í sábà rí ewé. Egungun ló ń rí, irin ló ń rí. Lójú ẹ̀rọ yẹn, ewé ò yàtọ̀ sí ẹran ara. Mo sanwó, mo gba bébà tó ní ara mi le, mo sì ń tutọ́ sínú áńkáṣíìfù bí mo ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọ̀fun. Obìnrin kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fọ́n oògùn sí mi lọ́fun kó lè kú, ó ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wọlé, ó ní, "Òun rèé." Ohun tó fà jáde ò ju èékánná ìka mi tó kéré jù lọ. Ó tẹ́ ẹ sórí bébà funfun kí n rí i. Iṣan àárín ewé náà ṣì le gbagidi, etí rẹ̀ kan rí ṣóńṣó níbi tí mo ti fọwọ́ ara mi ya á.

Àwọn tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè náà wà níbẹ̀ o. "Bay leaf 2," wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á kọjá lọ. Ìgbà wo lèèyàn máa yọ ọ́? Wọn ò ní sọ. Wọ́n á fi odindi ojú ewé kan sọ irú abọ́ tí a ó bu oúnjẹ náà sí.

Nítorí náà, odidi ni kí ẹ máa sọ ọ́ sí i. Ẹ kà á wọlé, ẹ kà á jáde. Tó bá jẹ́ 2 ló wọlé, tí 1 péré jáde, ẹ má bu oúnjẹ fún ọmọdé kankan títí ẹ ó fi rí ìkejì. Èmi máa ń fi òwú so tèmi pọ̀ mọ́ ẹ̀ka thyme kí ń lè fa gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá sì máa lọ ọbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ ìlọta lè sọ ewé 1 di ogún abẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná bí àtíkè ò ní wàhálà. Tó bá wá há ẹnìkan lọ́fun, ẹ má fi òkèlè tì í. Tí onítọ̀hún ò bá lè gbé itọ́ mì, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tó ń tu ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè kámẹ́rà. Tí kò bá lè mí dáadáa, ẹ sáré ni o.

Ẹ tún yẹ ewé tó wà lọ́wọ́ yín wò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Laurus nobilis, iṣan kan ṣoṣo ló là á láàárín. Òmíràn wà tí wọ́n ń lò ní Íńdíà, iṣan mẹ́ta ló gba ojú rẹ̀ lọ gbọọrọ, òórùn cinnamon ló sì máa ń ta. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń ta méjèèjì, adùn wọn ò sì jọra rárá. Ẹ má sì lọ já ewé lára igi ọgbà nítorí pé ó jọ ọ́ o. Oleander ń jọ ọ́, májèlé ni, ọkàn ló ń bá jà.

Ẹni tó dáhùn ṣáájú mi ní kí ẹ kó efinrin tútù sínú òróró nínú ìgò, kí ẹ gbé e sórí tábìlì, pé á tọ́jọ́. Ẹ má dán an wò. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum, ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé ló ti ń gbèrú, inú òróró sì rèé, afẹ́fẹ́ ò débẹ̀. Oró rẹ̀ kì í rùn, kì í yí àwọ̀ padà, àmọ́ ó ń pa èèyàn. Inú fíríìjì ni kó wà, kó má sì ju ọjọ́ 4 lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ kó dì gbagidi nínú fírísà.

Ẹ̀ẹ́n, ìbéèrè yín gan-an. Níbi tí wọ́n bá ti ní ṣíbí kékeré 3 ewé tútù, 1 gbígbẹ ti tó, nítorí omi ló kúrò nínú rẹ̀, òórùn ló ṣẹ́ kù. Bay leaf ò sí nínú òfin yìí o, tútù rẹ̀ lágbára ju gbígbẹ lọ, ó tún korò. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kí gbígbẹ wọlé, nígbà tí òróró ṣì ń gbóná, torí òróró ló ń gba òórùn ewé, omi kì í gbà á tó bẹ́ẹ̀. Tútù tó rọ̀, bíi basil, parsley, mint, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ ni. Thyme, oregano àti rosemary gbígbẹ dára. Parsley gbígbẹ àti coriander gbígbẹ, koríko ni lójú tèmi, ẹ fi owó yín pamọ́.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka ra á, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tí kò bá ta sí yín nímú, ó ti kú, ẹ dà á nù. Ẹ má sì máa gbọn ìgò rẹ̀ sórí ìkòkò tó ń hó. Ooru á wọnú ìgò, ewé á dì, á bu. Ọwọ́ ni kí ẹ bù ú sí.

Ẹ padà wá sọ fún mi: iṣan 1 ni àbí 3 ló wà lójú ewé yín? Ẹ sì sọ bóyá ẹ ti sẹ́ ọbẹ̀ yẹn.