Kilimanjaro pẹ̀lú ẹgbẹ́ olùtọ́jú pàjáwìrì: ẹ kọ́kọ́ yan ẹni tí yóò dá yín padà

Ẹ kú ìmúra o, arábìnrin. Ẹ ní ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ ń yọ̀ǹda ara yín fún ìtọ́jú pàjáwìrì ní Birmingham fẹ́ gun òkè Kilimanjaro ní Tanzania láti fi kówó jọ fún ẹgbẹ́ yín. Ẹ wá ń béèrè bóyá ọjọ́ márùn-ún tó lójú ọ̀nà Marangu, àti ohun tó yẹ kó wà nínú àpò oògùn yín.

Ti àkọ́kọ́ kò gba àlàyé púpọ̀: ọjọ́ márùn-ún kò tó, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó pọ́ọ́kú tàn yín. Góńgó òkè náà ga ní mítà 5,895. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ àìsàn orí òkè, èyí tí àìtó ọ́síjìn lókè gíga ń fà, fi lélẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibi tí yóò sùn má ga ju ibi tó sùn lánàá lọ pẹ̀lú ohun tó lé ní mítà 500, kí ó sì máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìsinmi láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Lójú ọ̀nà Marangu, láti ilé ìsinmi Horombo dé ti Kibo nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1,000, ẹni tó bá sì ń ṣe ti ọjọ́ márùn-ún yóò ti dùbúlẹ̀ ní Kibo ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, kí wọ́n tó jí i ní ọ̀gànjọ́ òru pé ó yá, ká máa lọ. Bó bá jẹ́ pé Marangu lẹ fẹ́ dandan, nítorí pé òun nìkan ló ní ilé tí a ń sùn sí dípò àgọ́, ẹ fi ọjọ́ kan kún un ní Horombo. Ó sàn kí ẹ gba Machame fún ọjọ́ méje tàbí Lemosho fún ọjọ́ mẹ́jọ, níbi tí ẹ ó ti gòkè kọjá àpáta Lava Tower ní nǹkan bíi mítà 4,600 lọ́sàn-án, tí ẹ ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sùn ní ibùdó Barranco tí kò tó 4,000, kí ara lè mọ́ òkè lára.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yín ni gbólóhùn tí ẹ fi parí rẹ̀, pé ọkàn yín balẹ̀ nítorí pé gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ ìtọ́jú. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà bá lọ láti ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ọ̀nà Machame la sì gbà. Nínú ẹgbẹ́ tí oníkálukú ti jẹ́ olùtọ́jú, ẹ kò ní rí aláìsàn kankan. Ẹni tí orí ń fọ́ yóò gbé paracetamol mì nínú àgọ́ rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, yóò sì jáde wá béèrè bóyá orí ń fọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bì ní ìdí àpáta yóò ní ẹyin àárọ̀ ni kò bá òun lára mu. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Iléeṣẹ́ ìrìn-àjò tí a sanwó fún, tí n kò ní dárúkọ, tún wá dá kún un. Akọ̀wé kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn amọ̀nà ní Tanzania pé oníṣègùn ni gbogbo wa. Ìdí nìyẹn tí olórí amọ̀nà wa, àgbàlagbà ọmọ Chagga, ẹ̀yà tó ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè náà, tó ti ń gùn ún láti ìgbà èwe rẹ̀, fi ń wojú wa kí ó tó sọ̀rọ̀ lórí ìlera, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Iléeṣẹ́ yìí kan náà ló sọ fún wa pé àfikún tí kò pọn dandan fún irú wa ni agolo ọ́síjìn. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn di òní.

Ọ̀gá wa ló ṣẹlẹ̀ sí, ọkùnrin tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Láti ibùdó Karanga ló ti ń rìn lẹ́yìn, tí kì í dá ènìyàn lóhùn ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Nígbà tí a dé ibùdó Barafu, ní nǹkan bíi mítà 4,670, ó jókòó sórí òkúta láti so okùn bàtà rẹ̀. Ó mú etí okùn kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú èkejì lọ́wọ́ òsì, ó wo méjèèjì, ó sì jọ̀wọ́ wọn. Ó tún mú wọn, ó tún jọ̀wọ́ wọn. Mo ní ṣé kí n bá yín so ó, sà, ó ní, “Mo wà dáadáa, lọ wo àwọn yòókù.” Ohùn ọ̀gá ló fi sọ ọ́, àwọn kan sì torí ohùn náà gbà pé kò sí nǹkan tó ṣe é.

Kò fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́. A ní kó rìn lórí ìlà kan tààrà, kó máa fi gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀ kejì. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kẹta tán tó fi fẹ̀gbẹ́ lu àgọ́ ìdáná. Ẹni tó bá mọ̀ nípa àìsàn yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀: ọpọlọ ló ń wú, ìsọ̀kalẹ̀ sì ni, lóru náà. Àmọ́ ńṣe ni àwọn olùtọ́jú dúró yí i ká pẹ̀lú iná orí wọn, tí wọ́n ń jiyàn. Ọ̀kan ní àárẹ̀ lásán ni. Ọ̀kan ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ẹnìkan fa ìwé ìdíwọ̀n Lake Louise, tí a fi ń mọ bí àìsàn orí òkè ṣe le tó, yọ, ó ń ka ìbéèrè inú rẹ̀ síta fún un, orí fífọ́, èébì, àárẹ̀, òòyì, kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá wa tí wọ́n ń bi léèrè kò mọ ọjọ́ tí a wà mọ́. Òmíràn ki ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn bọ ọ́ níka, ó ní tirẹ̀ kò burú ju ti àwa yòókù lọ. (Ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ yẹn. Òtútù ìka máa ń dà á rú, ìwádìí sì ti fi hàn pé ó máa ń ka ọ́síjìn àwa aláwọ̀ dúdú sí ohun tó ga ju bó ṣe rí lọ.) Iyàn náà pẹ́ débi pé tíì tí wọ́n gbé fún wa tutù nini lọ́wọ́ wa.

Olórí amọ̀nà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra béèrè ta ló ń pàṣẹ fún ẹgbẹ́ wa. Ọ̀gá wa yìí náà ni. Nínú ìwé tí gbogbo wa fọwọ́ sí ní ilé, òun nìkan ló láṣẹ láti dá ènìyàn padà, òun náà sì ló ń wá ọ̀nà láti wọ ìbọ̀wọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, tó ń sọ pé òun yóò bá wa dé orí Uhuru, góńgó òkè náà.

Amọ̀nà kò dúró gba èsì mọ́. Ó pe àwọn alábàárù mẹ́fà, nọ́ọ̀sì kan nínú wa fún ọ̀gá wa ní dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, tí dókítà ti kọ fún ẹgbẹ́, a sì kọrí sí ọ̀nà Mweka nínú òkùnkùn. Kò sí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó jọ ọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ènìyàn méjì gbá a mú ní abíyá, ó ń bá wọn jà pé apá ibí kọ́ ni òkè wà. Ó bì sára ọmọkùnrin alábàárù kan, ọmọ náà nu aṣọ rẹ̀, ó sì tún gbá a mú. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ iṣẹ́, a gbé e sórí ibùsùn onírin tó ní táyà kan lábẹ́. Ẹni méjì wà níwájú, ẹni méjì lẹ́yìn, àwọn tó kù ń fi okùn fà á sẹ́yìn kí ó má baà já lọ. Gbogbo ìgbà tí táyà náà bá já sínú kòtò ni orí rẹ̀ ń mì, tí èmi ń dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ tó ti kú fún òtútù. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò wà lórí fóònù ní àkókò yìí, wọ́n ní kí a fún wọn ní orúkọ ilé ìwòsàn tí aláìsàn wà. Ní nǹkan bíi mítà 3,800, ó béèrè ibi tí a wà. Nígbà tí a fi dé ibùdó Mweka, tó wà ní bíi 3,100, ó ní ebi ń pa òun, ó sì ń bínú pé ta ló wọ ìbọ̀wọ́ fún òun lódì.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló gbà á. Ìpín ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ kò yí padà, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ni nílẹ̀ àti lókè. Agbára tó ń tì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń dínkù títí yóò fi ku bí ìdajì lórí Uhuru. Kò sí oògùn inú àpò tó lè dá agbára yẹn padà pátápátá. Bákan náà ni fún ẹni tí omi bá wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tó ń wúkọ́, tó ń mí gúlegúle bó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra bàtà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ olórí amọ̀nà ni abẹ gé, pé a kì í dìbò lórí ẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí òun fúnra rẹ̀, kí ẹ má fi mọ sí ọ́fíìsì. Láàárín yín, ẹ yan ẹnìkan tí kì í ṣe ọ̀gá àti igbákejì rẹ̀ láti máa bá a sọ̀rọ̀. Ní alẹ́, ẹ má bi ènìyàn pé báwo ni ara rẹ. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn nínú àgọ́ ni kí ẹ bi, ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ jẹ, iye ìgbà tó tọ̀, bó ṣe rìn wọlé.

Ẹ tún wo jẹ́nótáìpù yín. Mo jẹ́ AS, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwa ọmọ Nàìjíríà sì ni ó rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ilé ìwòsàn arìnrìn-àjò tí mo lọ bá kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀ nígbà tí mo béèrè. Ó ní AS kò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ nǹkan o. Ó wà nínú ìwé ìṣègùn pé àìtó ọ́síjìn lókè gíga lè dí ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì fún ẹni tó jẹ́ AS. Bí ìrora líle bá mú un níbẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ni kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní inú rírun. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú rẹ̀ rárá. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì máa gba Nàìjíríà kọjá, kó mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, nítorí wọn yóò béèrè rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú.

Nípa àpò oògùn, ẹ̀yin náà mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ béèrè acetazolamide, tí a mọ̀ sí Diamox, oògùn tó ń jẹ́ kí òkè gíga tètè mọ́ ara lára, lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ dán an wò nílé, kí ẹni tí oògùn oní-sulfa kì í bá lára mu sì sọ ọ́. Ẹ san owó agolo ọ́síjìn. Ẹ pín oògùn sí àpò méjì, kí ọ̀kan wà níwájú, kí èkejì wà lẹ́yìn. Kí ìwé adójútòfò yín kọ ọ́ kedere pé ó dé mítà 6,000, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í dé ibẹ̀. Àwọn alábàárù yóò máa tọ̀ yín wá fún oògùn orí fífọ́. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò bí ẹ ó ti yẹ ara yín wò, kí ẹ sì rí i pé ẹrù wọn kò ju kílò 20 tí òfin ọgbà ìjọba tí òkè náà wà nínú rẹ̀ gbà láàyè lọ.

Ẹ kò sọ oṣù tí ẹ fẹ́ lọ. Láti ìparí oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, òjò ni. Ẹ yẹra fún un.