Ajá Tó Ń Fa Okùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá mi ti lé lọ́dún kan, ó sì ti lágbára. Bí a bá ti jáde báyìí, okùn á le koko, á máa húkọ́, apá mi á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Mo ń fà á sẹ́yìn títí, kò gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Fífà tí ẹ ń fà á sẹ́yìn wà lára ohun tó ń dá kún un. Bí okùn bá fa ajá sẹ́yìn, ńṣe ló máa ń tẹra mọ́ iwájú. Bó bá sì ti fà yín dé ìdí igi tó fẹ́ gbóòórùn, ó ti gba èrè nìyẹn. Kì í ṣe agídí.

Ikọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ó ṣeé ṣe kí okùn ọrùn máa tẹ̀ ẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Ẹ wá bẹ́líìtì àyà tó ní òrùka níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì so okùn mọ́ ti iwájú: bó bá fà, ara rẹ̀ á yí sọ́dọ̀ yín, kò ní rí agbára fi wọ́ yín lọ. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ bẹ́líìtì. Bó bá fún jù, á bó o lábẹ́ apá. Bó bá dẹ̀ jù, á fẹ̀yìn yọ jáde. Okùn tó gùn tó mítà 1.5 sí 2 ti tó. Èyí tó ń ká ara rẹ̀ sínú ike kò dáa fún ẹ̀kọ́ yìí, torí pé ajá gbọ́dọ̀ fà á kó tó gùn. Ẹ̀wọ̀n ọrùn ẹlẹ́gùn-ún, èyí tó máa ń gún ajá lọ́rùn bó bá fà, ńkọ́? Ẹ má dán an wò.

Inú ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ gé ẹran wẹ́wẹ́, kó má ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ gbé ìgbésẹ̀ kan. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí okùn dẹ̀, ẹ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan yín gan-an. Bí ẹ bá ń fún un níwájú, á máa dábùú ọ̀nà fún yín, ẹ ó sì kọsẹ̀. Ẹ máa fi kún ìgbésẹ̀ náà títí yóò fi di mẹ́wàá, kí ẹ tó bọ́ sí ìta tó dákẹ́.

Níta, bí okùn bá ti le, ẹ dúró gbọin. Ẹ má pariwo, ẹ má jà á. Ìgbà tó bá wẹ̀yìn tí okùn sì dẹ̀ lẹ ó tó tẹ̀ síwájú. Bí kò bá wẹ̀yìn, ẹ pè é tìfẹ́tìfẹ́, kí ẹ yí gba ibòmíràn. Bó bá rìn dáadáa, ẹ jẹ́ kó lọ gbóòórùn; òórùn máa ń dùn mọ́ ajá ju ẹran lọ nígbà míì.

Ibi tó ti ń bà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n á dúró lónìí, wọ́n á jẹ́ kó fà lọ́la torí pé wọ́n ń kánjú. Ajá tó ń rí i gbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í jáwọ́ bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ìkánjú, ẹ so okùn mọ́ òrùka ẹ̀yìn bẹ́líìtì, kó mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ti ẹ̀kọ́. Ó tún lè fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má gbà fún un.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi ń rìn dáadáa, àfi bó bá rí ajá míì.

ÌDÁHÙN: Ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ kọjá sí òdìkejì títì kó tó ranjú mọ́ ajá náà, kí ẹ máa fún un lẹ́ran bó ṣe ń wò ó. Bí kò bá gba ẹran, ẹ tún sún sẹ́yìn. Bí ó bá ń gbó tàbí tó ń ké ramúramù níbi tó jìnnà pàápàá, ẹ wá olùkọ́ ajá tí kì í lu ẹranko.