Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe amí láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní pírínsípà yan ẹ̀yin àti olùkọ́ mẹ́ta mìíràn pé kí ẹ lọ gba ẹ̀kọ́, kí ẹ sì padà wá máa darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí kíkà àti kíkọ fún gbogbo olùkọ́, láti orí ìṣirò dé orí ìtàn. Ẹ wá ń bèèrè ohun tí ẹ lè ṣe ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí àwọn olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò fi ní dìde jáde. Olùkọ́ èdè ni mí, mo ti wà ní ipò yín gan-an rí, ojú mi sì rí màbo. Ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹnì kan tí wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló wá. Ó ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó kó oríṣiríṣi ọgbọ́n ìkàwé lé wa lọ́wọ́ nínú fáìlì ńlá kan, ó ní ó ti parí. A ò fi ẹyọ kan nínú wọn kọ́ ọmọ kankan lójú rẹ̀. Mo bi í pé báwo ni olùkọ́ ìṣirò yóò ṣe lo nǹkan wọ̀nyí. Ó ní, “Kíkà ni kíkà.” Títí dòní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú, torí pé kò rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo darí, ìtàn kúkurú kan ni mo pín fún gbogbo ènìyàn, mo ní kí wọ́n wá kókó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti ń kọ́ ìṣirò kí n tó gba iṣẹ́ tíṣà na ìwé tiwọn sókè, ojú ewé tó kún fún àmì àti nọ́ńbà. Wọ́n ní, “Tíṣà, fi kókó ọ̀rọ̀ hàn mí nínú èyí.” Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n jáde, àwọn mẹ́rin sì tẹ̀ lé wọn.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé àwọn kan ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Lọ́dún 2008, Timothy Shanahan àti Cynthia Shanahan, àwọn olùwádìí nípa kíkà ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ wọn jáde lórí bí àwọn onímọ̀ ìṣirò, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì àti àwọn òpìtàn ṣe ń kàwé. Onímọ̀ ìṣirò a máa tún ọ̀rọ̀ kan náà kà léraléra, torí pé ọ̀rọ̀ kékeré kan lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Ti kẹ́mísìrì a máa lọ sókè sódò láàárín ọ̀rọ̀, àwòrán àti àmì. Ẹni tó kọ ìwé ni òpìtàn kọ́kọ́ máa ń wá. Sam Wineburg, olùwádìí nípa bí a ṣe ń kọ́ ìtàn, náà ti rí i lọ́dún 1991: ó kó ìwé nípa ogun Lexington ti 1775 ní Amẹ́ríkà fún àwọn òpìtàn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama. Àwọn òpìtàn ń wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kí wọ́n tó kà á, àwọn ọmọ kàn ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kíkà ni kíkà, ẹ má gba fáìlì rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ojú ti tì mí báyẹn, mo lọ bẹ ẹ̀gbọ́n wa onímọ̀ ìṣirò pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn. Lọ́jọ́ náà wọ́n kọ ìbéèrè kan sójú pátákó: “Iye àga inú yàrá kan kò dín ní 12. Fi àmì ìṣirò kọ ọ́.” Mo rin àárín àwọn ọmọ lọ, mo bọ̀. Ìwé tó ju ìdajì lọ ni mo ti rí x − 12. Wọ́n rí “dín”, wọ́n sì yọ 12 kúrò, bẹ́ẹ̀ x ≥ 12 ló yẹ kí wọ́n kọ. Ẹ̀gbọ́n wa mí kanlẹ̀, wọ́n ní àwọn ọmọ yìí ò mọ ìṣirò. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n mọ àyọkúrò, ‘kò’ ni wọn ò kà.” Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún ìbéèrè náà kà fúnra wọn, wọ́n rọra kà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi bébà bo nọ́ńbà inú ìbéèrè kan, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan pẹ́ńsù títí ọmọ mẹ́ta yóò fi fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí ìbéèrè ń wí. Kò sí ohun tó dà bí ìyẹn nínú fáìlì tí mo gbé bọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ronú rẹ̀.

Wàyí o, ibi tó dùn mí jù nìyí, ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín. Òṣìṣẹ́ kan wá yẹ ètò wa wò. Ó ka iye ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ìpàdé, ó ya fọ́tò wa, kò wọ kíláàsì kankan, kò béèrè ọmọ kan ṣoṣo. Ó wá bi pírínsípà pé olùkọ́ mélòó ló ti ń ṣe é. Pírínsípà pè mí, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tí kò ṣe é, pé àwọn nìkan ló máa rí i. Mo kọ ọ́. Àǹtí kẹ́mísìrì wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọjọ́ tí mo wọlé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fún àwọn ọmọ ní àwòrán átọ́ọ̀mù pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé rẹ̀, gbogbo kíláàsì sì dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí mo kọ síwájú orúkọ rẹ̀ ni pé “ètò kíkà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín.”

Wọ́n ka ìwé náà sókè ní ìpàdé gbogbo olùkọ́, tòun torúkọ.

Àǹtí kẹ́mísìrì kò pariwo. Ó wò mí, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń kọjá níwájú yàrá rẹ̀, ó dìde ti ilẹ̀kùn. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i: ibi tí mo bá yọjú sí, wọ́n ní àwọn ń ṣe ìdánwò. Odindi sáà méjì nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, mo tún bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Mo sọ fún pírínsípà pé mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n yan ẹlòmíràn. Kíláàsì tèmi ni mo wá ṣí sílẹ̀, mo ní kí ó wá wò mí, kí òun sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wá lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Ó wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, “Ìwọ náà kì í fún wọn láyè kí wọ́n ronú.” Òótọ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba ipò yìí, kí pírínsípà yín sọ ọ́ lójú gbogbo olùkọ́ pé ohun tí ẹ bá rí nínú kíláàsì ẹnikẹ́ni kò ní dé inú ìwé ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀yin náà ẹ kọ̀.

Ẹ tún bi àwọn tó fẹ́ kọ́ yín pé wákàtí mélòó ni wọ́n ní. Lọ́dún 2007, olùwádìí kan, Kwang Suk Yoon, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwádìí tó lé ní 1,300 lórí ẹ̀kọ́ olùkọ́ wò, 9 péré ló kúnjú òṣùwọ̀n. Nínú àwọn yẹn, ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí kò ju wákàtí 14 lọ kò yí àbájáde àwọn ọmọ padà lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí. Ó ti pẹ́ tí Bruce Joyce àti Beverly Showers, tí àwọn náà ṣèwádìí lórí ẹ̀kọ́ olùkọ́, ti ń sọ ọ́ pé bí ẹlẹgbẹ́ kò bá tẹ̀ lé olùkọ́ wọ kíláàsì lẹ́yìn ìpàdé, ẹ̀kọ́ náà kì í sábà dé inú kíláàsì. Ẹ fi ìpàdé kékeré sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí olúkúlùkù dán nǹkan kan wò láàárín. Ètò àkókò àti ìjókòó, ẹ mọ ìyẹn.

Àwọn mẹ́rin tí wọ́n yàn yìí ńkọ́, ṣé olùkọ́ èdè ni gbogbo yín? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹnì kan láti ìṣirò àti ẹnì kan láti sáyẹ́ǹsì rọ́pò méjì nínú yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa rántí pé “iṣẹ́” inú fisíìsì kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń ṣe nílé. Ẹni tó bá ti ògiri títí tó fi làágùn, tí ògiri kò kúrò lójú kan, fisíìsì ní kò ṣe iṣẹ́ kankan lára ògiri yẹn. Àwọn ọmọ ń pàdánù máàkì níbẹ̀, olùkọ́ fisíìsì sì mọ̀ ọ́n jù yín lọ.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ohun tí ẹ bèèrè. Ẹ má pín ìtàn, ẹ má gbé fáìlì wá. Ẹ lọ bá ẹni tó ń ráhùn jù láàárín àwọn olùkọ́ ìṣirò kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ bi í pé ìbéèrè wo ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣì lọ́dọọdún. Ojú ewé yẹn ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Kó jẹ́ òun ni yóò kà á sókè, kó máa dúró níbi tí ọkàn rẹ̀ bá ti dúró, kó sọ ohun tó ń rò níbẹ̀. Kí ẹ̀yin jókòó láàárín àwọn tó ń gbọ́, kí ẹ máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀.