“Peerless” ló wà lára gíábọ́ọ̀sì katakata mi: ṣé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ra katakata kékeré tí wọ́n fi ń gé koríko, John Deere 110 ayé àtijọ́, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ní Ṣàgámù. Pápá ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fẹ́ máa fi gé, ẹgbẹ́ wa sì fẹ́ lo pápá náà nígbà Ojúde Ọba. Ọjọ́ méjì péré ló fi ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ́ńjìnnì ń dún, gíà ń wọlé, àmọ́ kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Mẹkáníìkì mi yọjú sábẹ́ rẹ̀, ó ní wọ́n ti yọ gíábọ́ọ̀sì tó bá a wá, pé “Peerless” ló wà lára èyí, kì í ṣe John Deere, àti pé nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti ara katakata mu. Ó ti gba àsansílẹ̀ láti lọ wá ojúlówó ní Ládípọ̀. Báwo ni mo ṣe máa dá ojúlówó mọ̀ tó bá gbé e dé?

ÌDÁHÙN: Ẹ pè é lórí fóònù, kó má tíì ná owó yẹn.

Ẹ̀yìnkùlé ni ìbéèrè yín gbà wọlé. Ẹ ń wá bí ẹ ó ṣe dá èyí tó ń bọ̀ láti Ládípọ̀ mọ̀, kí ẹ tó mọ̀ bóyá èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ yín gan-an kì í ṣe ojúlówó. Ìdí méjì tí mẹkáníìkì yín fi lélẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà, kò sí èyí tó tó ẹ̀rí nínú wọn. Mi ò pè é ní òpùrọ́ o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ mọ́tò ló kọ́, kó sì máa fi ojú mọ́tò wo katakata.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti orúkọ. Télọ̀ tó rán kaftan yín kò dá bọ́tìnnì rẹ̀ ṣe. Ọjà ló ti rà á, òun náà ló sì rán an mọ́ aṣọ. Bí ẹnì kan bá yí bọ́tìnnì yẹn wò, tó rí orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣé yóò ní kì í ṣe bọ́tìnnì tó bá aṣọ wá nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ katakata kékeré rí. Nígbà tí John Deere gbé 110 jáde ní 1963, kì í ṣe gbogbo ẹran ara rẹ̀ ni wọ́n dá rọ. Peerless, ilé iṣẹ́ tó bọ́ sábẹ́ Tecumseh nígbà tó yá, ló ń ṣe gíábọ́ọ̀sì fún wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ ti pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì katakata yín, kí ẹ wo orúkọ tó wà lára ẹ́ńjìnnì. “Kohler” lẹ ó rí níbẹ̀, bí ẹnì kan kò bá ti yí i padà. Ṣé mẹkáníìkì yín ní kí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì John Deere? Kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé gíábọ́ọ̀sì nìkan ló fi ẹ̀sùn kàn?

Kì í ṣe John Deere nìkan. Katakata Craftsman tó pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹténà tòkunbọ̀, Sears, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ló ń tà á nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é fún un. Bí nọ́ńbà mọ́dẹ́lì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 917, Roper tàbí AYP ló ṣe é. 502, Murray ni. 247, MTD ni. Ẹ tún máa bá Peerless lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó sì bá Foote, tó ń ṣe gíábọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀, lábẹ́ àwọn mìíràn. Wọ́n wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tò wọ́n.

Àwọn kan wà tí wọ́n dá tiwọn ṣe lóòótọ́. Àwọn katakata Wheel Horse ńlá ayé ìgbà náà, láti South Bend ní Indiana, ní gíábọ́ọ̀sì tiwọn tí wọ́n ń pè ní Uni-Drive. Cub Cadet àkọ́kọ́ tí International Harvester ṣe, ara katakata oko wọn, Farmall Cub, ni wọ́n ti mú ìṣe gíábọ́ọ̀sì rẹ̀. Bí wọ́n bá bá Peerless lábẹ́ irú Cub Cadet bẹ́ẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Lábẹ́ John Deere 110, ibi tó yẹ kó wà náà ló wà.

Ó kan ti nọ́ńbà. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí èyí tó pọn dandan kó bá èkejì mu. Èkíní ni nọ́ńbà tó wà lára páálí irin kékeré tó wà lára katakata fúnra rẹ̀. Ti gbogbo ẹ̀rọ nìyẹn, bíi nọ́ńbà ṣáńṣì mọ́tò. Èkejì ni nọ́ńbà tí Peerless fi sára gíábọ́ọ̀sì, tirẹ̀ ni, ó sì ń sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà tí John Deere fi ń ta gíábọ́ọ̀sì kan náà nínú ìwé páàtì rẹ̀. Lẹ́tà AM ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí kí nọ́ńbà gíábọ́ọ̀sì jọ ti ara katakata dà bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà ilé lára ilẹ̀kùn yàrá.

Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ òótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ yọ wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ fi igi dí táyà iwájú. Bí ẹ bá máa gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, igi tó nípọn ni kó jókòó lé, kì í ṣe jáàkì nìkan, kì í sì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ lójijì, ọmọ ènìyàn ló sì máa wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ara gíábọ́ọ̀sì náà dáadáa. Nọ́ńbà Peerless lè wà lára páálí irin pẹlẹbẹ tí bọ́ọ̀tì dè mọ́ ọn, ó sì lè jẹ́ pé ara irin náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ìdọ̀tí àti ọ̀dà ló máa ń bò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi girayíńdà kàn án láé, torí ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá fọwọ́ bà á, nọ́ńbà ti lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun ra ojú ibẹ̀, kí ẹ wá tan iná fóònù láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú, nọ́ńbà yóò yọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 23 ń tọ́ka sí ìdílé 2300, èyí tó ní gíà mẹ́rin síwájú tí wọ́n lò fún àwọn 110 tó jáde nígbà tó yá. Gíà mẹ́ta ni àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ní. Bí nọ́ńbà bá ní 8 níbẹ̀rẹ̀ tí dáàṣì wà láàárín, bíi 820 dáàṣì nǹkan kan, ìdílé kékeré ni. Ohun tó wà níwájú dáàṣì ni ìdílé. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ gígùn ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń gbé táyà), ibi tí bíréèkì wà àti irú katakata tí wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà 820 méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí wọ́n má sì lè gba ipò ara wọn. Àwọn tó ń ta àlòkù páàtì kì í sọ èyí fún oníbàárà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sínú ìwé páàtì John Deere. Ọ̀fẹ́ ni láti wò. Ẹ tẹ 110 síbẹ̀, kí ẹ wo àwòrán gíábọ́ọ̀sì tó bá nọ́ńbà ara katakata yín mu, torí wọ́n máa ń pín in sí “láti nọ́ńbà yìí dé nọ́ńbà yẹn”. Àwòrán yẹn ni ẹ ó fi wé ohun tó wà níwájú yín.

Bí ìpẹtà bá ti jẹ nọ́ńbà tán, ẹ̀rí mìíràn kò wọ́n. Ẹ wọn ẹnu ṣáàfù tó ń gbé táyà. 2300 wúwo, irin dúdú ni ara rẹ̀, ṣáàfù rẹ̀ sì tó íǹṣì kan (25.4 mm) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú họ́ọ̀bù tí wọ́n de táyà mọ́. Àwọn kékeré bíi 800, aluminíọ́mù ni ara wọn, íǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin (19 mm) ni ṣáàfù wọn, táyà kàn wọlé lé e ni, kílíìpù àti kíì, irin pẹlẹbẹ kékeré kan, ló dì í mú. Bí ẹ bá bá ṣáàfù 19 mm lábẹ́ John Deere 110, ẹ pè mí, ọwọ́ ti wọ ọ́ lóòótọ́. Ẹ tún wo férémù: ihò bọ́ọ̀tì tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ojú wẹ́ẹ̀dì níbi tí kò yẹ kí wẹ́ẹ̀dì wà, ọ̀pá gíà tó ń họ ara ihò rẹ̀, púlì tí kò dọ́gba pẹ̀lú bẹ́líìtì, ọ̀pá bíréèkì tí wọ́n tẹ̀ kó lè dé ibi tí kò dé. Ẹ tú bọ́ọ̀tì kan, kí ẹ wo abẹ́ orí rẹ̀. Bí ọ̀dà àkọ́kọ́ bá ṣì wà níbẹ̀ láìfọ́, kò jọ pé ẹnì kan ti tú u rí. Àwọ̀ ọ̀dà ìta kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Gbogbo wa la mọ ohun tí ọ̀dà aláwọ̀ ewé lè ṣe fún ọjà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀pá tí ẹ lè rí lórí 110 tí ń mú eré pọ̀ tàbí dín, yàtọ̀ sí ọ̀pá gíà, kì í ṣe gíà kejì, kò sì sọ ẹ̀rọ yín di èyí tí òróró ń fi agbára wà dípò gíà. Púlì tó ń fẹ̀ tó sì ń pa pọ̀ ló ń darí, fáríétọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yín gan-an, torí mo rò pé kì í tilẹ̀ ṣe inú gíábọ́ọ̀sì ni àìsàn wà. Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Katakata wà nílẹ̀, bátìrì àti wáyà púlọ́ọ̀gì ti padà sípò, gíà wà nínú ọ̀kan, ẹnì kan jókòó lé e, ó sì ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ẹnu ṣáàfù níbi tó ti wọ inú họ́ọ̀bù táyà, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà lápá òsì.

Bí ṣáàfù bá ń yí nínú họ́ọ̀bù tí táyà sì dúró, kíì ló ti gé. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó so ṣáàfù pọ̀ mọ́ họ́ọ̀bù ni. Ẹ má ṣe sọ pé “ṣebí táyà méjì ló wà, kí èkejì fà á”. Inú gíábọ́ọ̀sì yẹn ni difiréńṣà wà, ibi tó bá ti rọrùn ló máa ń da gbogbo agbára sí. Bí kíì apá kan bá gé, apá yẹn ni yóò máa yí lófo, apá kejì yóò sì dúró gbọin. Bí gíábọ́ọ̀sì tó ti kú ló ṣe máa ń rí lójú. Kíì tuntun nìkan ló máa gbà, àfi bí ojú ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀.

Bí ṣáàfù kò bá yí rárá, ẹ wo púlì tó wà lára gíábọ́ọ̀sì. Púlì dúró? Bẹ́líìtì ni. Méjì ni bẹ́líìtì 110 tó bá ní fáríétọ̀, ọ̀kan láti ẹ́ńjìnnì dé fáríétọ̀, ọ̀kan láti ibẹ̀ dé gíábọ́ọ̀sì. Ẹ wò ó bóyá èyí kan ti já, ti fẹ̀, tàbí òróró ti kàn án. Púlì ń yí tí ṣáàfù táyà kò sì yí? Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé púlì náà kò kàn ń yí lófo lórí ọ̀pá tirẹ̀. Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti mọ́ ni a tó lè fẹ̀sùn kan inú gíábọ́ọ̀sì. Mi ò tíì fojú rí ẹ̀rọ yín, nítorí náà ẹ má ṣe gbé ìdáhùn yìí lọ bá ẹni tó tà á fún yín jà, ẹ má sì gbé e lọ bá mẹkáníìkì yín jà.

Bó bá wá jẹ́ pé inú rẹ̀ ló bàjẹ́, ẹ bi ẹni tó ń wà á bóyá ó máa ń pààrọ̀ gíà nígbà tó ń sáré lọ bíi ti mọ́tò. Àwọn gíábọ́ọ̀sì wọ̀nyí kò ní ohun tó ń bá eyín gíà méjì dọ́gba eré kí wọ́n tó wọ ara wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ dúró pátápátá kí ẹ tó yí i. Ẹni tó bá ń yí i lórí ìrìn, ó ń gé igun eyín ni, nígbà tó bá yá gíà yóò máa fò jáde fúnra rẹ̀, wọn yóò tún ní kì í ṣe ojúlówó.

Ti òróró: 2300 ń gba gíà ọ́ìlì 80W-90, ounce 64, tí kò tó lítà méjì díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ọ́ìlì pupa sí i. Àwọn kékeré bíi 700 àti 800, gírísì bẹ́ntónáìtì ni tiwọn, tó ki bí ìkọ́kọ́rẹ́ tó ti tutù. Bí wọ́n bá da ọ́ìlì sí irú èyí, yóò jò gba ẹnu ṣáàfù, wọn yóò sì ní síìlì ló bàjẹ́. Nígbà tí ẹ bá da ọ́ìlì tiyín jáde, bó bá funfun bí ògì, òjò ti wọlé láti ìdí ọ̀pá gíà. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ibẹ̀ kí ẹ tó da tuntun sí i, ẹ sì fi tapólì bò ó. Òjò Ìjẹ̀bú kò ní dúró dè yín.

Nípa èyí tó ń bọ̀ láti Ládípọ̀, bí kò bá ní nọ́ńbà tó ṣeé kà lára, ẹ má gbà á, bó ti wù kó dán tó. Bí kíì ló gé ní tiyín, ẹ gba àsansílẹ̀ yín padà lónìí. Tó bá ti di irin lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹjọ́ ni yóò kù.