Ṣé kí n yí ètò fóònù mi padà nígbà tí àdéhùn kò tíì parí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdéhùn oṣù 24 ni mo bá ilé iṣẹ́ tí mò ń lò ṣe, ó sì ku oṣù 10. Owó fóònù tí wọ́n fún mi wà nínú ohun tí mò ń san lóṣooṣù. Ilé iṣẹ́ mìíràn wá ń polówó ètò tó dínwó sí tèmi. Bẹ́ẹ̀ dátà mi kì í tán kí oṣù tó parí. Ṣé kí n máa lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lọ. Ẹ kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ yín, kí ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èló ni ìtanràn bí ẹ bá kúrò lónìí, èló ló sì kù lórí fóònù? Wọ́n sábà máa ń pa méjèèjì pọ̀. Owó fóònù jẹ́ gbèsè tí ẹ máa san, ẹ lọ o, ẹ dúró o. Ìtanràn nìkan ni kíkúrò yín fà.

Ẹ yọ owó fóònù yẹn kúrò kí ẹ tó fi ètò yín wé tàwọn yẹn, torí tiwọn lè má ní fóònù nínú. Oṣù 10 tó kù nìkan ni kí ẹ sì fi ṣírò. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á ka èrè ọdún méjì, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù 10 kò sí ìtanràn mọ́. Ká ní ètò tuntun fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín, èrè yín títí àdéhùn fi máa parí jẹ́ owó oṣù méjì ààbọ̀. Bí ìtanràn bá tó owó oṣù mẹ́rin, àdánù ni.

Ohun tí mo rí sọ jù ni dátà tí kì í tán yẹn. Ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sí ètò tó kéré lọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan ń gbà, àwọn kan kì í gbà kí èèyàn sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ béèrè bóyá ọjọ́ tí àdéhùn máa parí kò ní sún síwájú, kí wọ́n sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń tún oṣù 24 bẹ̀rẹ̀ láìpariwo.

Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ yín ló yí àdéhùn padà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní Ìparapọ̀ Yúróòpù, bí ìyípadà náà kò bá ṣe oníbàárà láǹfààní, ó sábà máa ń lẹ́tọ̀ọ́ láti kúrò láìsan ìtanràn.

Tí ìṣirò bá ní kí ẹ lọ, ẹ yá síìmù ilé iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹ fi sínú fóònù yín nílé. Bí fóònù bá kọ̀ ọ́, ilé iṣẹ́ àtijọ́ ti tì í mọ́ síìmù wọn nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i. Nọ́ńbà IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) tí wọ́n máa béèrè, ẹ tẹ *#06#, yóò jáde. Ẹ má ṣe fagi lé láìnì àtijọ́ fúnra yín o. Ilé iṣẹ́ tuntun ni kó bá yín kó nọ́ńbà wá, torí bí láìnì bá ti kú, nọ́ńbà lè bá a lọ.