Ìdí Tí Lẹ́ńsì Olóróró Fi Ń Ṣú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yàrá àyẹ̀wò. Bí mo bá fi lẹ́ńsì 10 ti maikirosíkóòpù (èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá) wo ẹ̀jẹ̀ tí a ti pa láró lórí síláìdì, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí a tẹ́ ẹ sí, ó máa ń hàn kedere. Bí mo bá yí i sí 40, ó máa ń ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá kán òróró sí i tí mo sì yí i sí 100, ìkùukùu lásán ni mo ń rí. Níbo ni àṣìṣe mi wà?

Ìdáhùn: Lẹ́ńsì 40 tí ẹ ní ó ń ṣú yẹn ni kí a kọ́kọ́ tọpasẹ̀ rẹ̀. Ẹ yọ síláìdì náà, kí ẹ gbé e dání níwájú ìmọ́lẹ̀: ojú tí ẹ̀jẹ̀ wà kì í dán, òdìkejì rẹ̀ ló ń dán. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń dán ló wà lókè, ẹ ti da ojú síláìdì dé nìyẹn. Lẹ́ńsì 10 ṣì lè ríran gba inú gíláàsì tó nípọn tó mìlímítà 1, nítorí ó jìnnà sí i dáadáa, ṣùgbọ́n àlàfo tí 100 nílò kéré sí mìlímítà kan lọ́nà púpọ̀, kò sì lè rí ẹ̀jẹ̀ náà láéláé, bó ti wù kí ẹ yí bọ́tìnnì tí a fi ń mú kí àwòrán hàn kedere tó.

Bí síláìdì bá wà bó ṣe yẹ, ó ṣeé ṣe kí òróró ti kan lẹ́ńsì 40. Ẹni tó bá ti kán òróró, tó sì tún yí padà sí 40, ti fa lẹ́ńsì náà gba inú òróró kọjá, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ni a ṣe é fún. Tí ibi tí ẹ ń wò bá sọnù, 10 ni kí ẹ padà sí.

Òróró náà ṣe pàtàkì, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ nígbà tó bá jáde láti inú gíláàsì bọ́ sínú afẹ́fẹ́, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ a sì ṣáko kọjá lẹ́ńsì. Agbára ìtẹ̀ ìmọ́lẹ̀ gíláàsì tó nǹkan bí 1.52, ti òróró tó 1.515, ti afẹ́fẹ́ kò ju 1.00 lọ, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń gba inú òróró kọjá bí ẹni pé gíláàsì kò tíì tán. Láìsí i, ohun tó ṣú ni ẹ kàn ń sọ di ńlá.

Ẹ fi 10 wá ibi tó dára, kí ẹ gbé e sí àárín gbùngbùn, kí ẹ wá yí lẹ́ńsì dé agbedeméjì 40 àti 100, kí ẹ sì kán ẹ̀kán òróró kan ṣoṣo síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ẹ máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹ ti ń yí 100 wọlé títí tí yóò fi kan òróró. Láti ìgbà náà, bọ́tìnnì kékeré nìkan ni kí ẹ máa yí, díẹ̀díẹ̀, nítorí bọ́tìnnì ńlá lè fọ́ síláìdì kó sì ha ojú lẹ́ńsì. Ẹ gbé kọ̀ndẹ́ńsà, ìyẹn lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ lábẹ́ síláìdì, sókè pátápátá, kí ẹ sì ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dáadáa, torí ohun tí a ti pa láró nílò ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Tí ìfófó bá há sínú òróró, ẹ yí lẹ́ńsì díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó lè jáde.

Pépà lẹ́ńsì ni kí ẹ fi nu òróró kúrò kí ó tó gbẹ, kì í ṣe aṣọ. Ẹ ṣọ́ra fún kíkó kẹ́míkà líle sí i, nítorí ó lè tú àtè tó di lẹ́ńsì náà mú.