Ta Ni Kó Dán Ètò Kọ̀ǹpútà Wò?

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa ní kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa dán an wò fúnra wọn. Ṣé ó tọ́, Olóòtú?

Ìdáhùn: Kò tó rárá. Ohun tí ẹni tó kọ ètò bá ti rò tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń dán wò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ti ilẹ̀ Yúróòpù gbéra, kò sì pé ìṣẹ́jú kan tó fi bú gbàmù, nítorí pé ètò tí wọ́n yá lára Ariane 4 tó ṣáájú rẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀, ni wọn kò fi bí Ariane 5 ṣe ń rìn dán wò, tí nọ́ńbà kan nínú ètò náà sì tóbi ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ rọ ọ̀gá yín kí wọ́n yan olùdánwò tó dá dúró, kí wọ́n sì fún un láṣẹ láti dá ètò tó lábùkù dúró.